Àwọn Tó Ni Ilé Náà Ńkọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ dúró jẹun lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn ọdún tó kọjá á rántí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa obìnrin tó ń kàwé ní ilẹ̀ Jámánì wálé fún ọdún Kérésì. Ó jókòó sáàrin wa nínú gbọ̀ngán kékeré, ó ń fi fótò inú fóònù rẹ̀ hàn wá. Àwo ìrẹsì wà lọ́wọ́ wa, àwọn ọmọdé ń sáré lábẹ́ tábìlì. Ó ní nígbà ìsinmi, òun àti àwọn akẹ́gbẹ́ òun wọ bàálù lọ sí erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, wọ́n sì fi odindi ọjọ́ kan rìn nínú àfonífojì kan tó gba àárín àwọn òkè ńlá kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa bi í pé, "Ṣé àdúrà lẹ lọ gbà níbẹ̀ ni?" Ó ní rárá, àwọn kàn fẹ́ rìn ni. "Ẹ kàn fẹ́ rìn! Ta ló rán yín?" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ pé èmi ò rí nǹkan tó burú nínú kí èèyàn kàn fẹ́ rìn. Àwa ti sọ orí òkè di ọ́fíìsì: a kì í débẹ̀ àfi tí a bá ní ohun tí a fẹ́ gbà. Bí ọmọ kan bá wo iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tó sì kígbe "Háà!" láìtọrọ ohunkóhun, mo rò pé "Háà" yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyìn. Nítorí náà, kì í ṣe ti ìyẹn ni mo torí rẹ̀ jókòó kọ̀wé. Ìbéèrè kan tí Màmá wa kan bi í nígbà tí ẹ̀rín ti rọlẹ̀ ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ìgbà yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ̀ lé ọmọ náà rìn díẹ̀, kí ìbéèrè Màmá lè yé wa.

Samáríà ni wọ́n ń pe àfonífojì náà. Kì í ṣe Samáríà inú Bíbélì o. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré àtijọ́ kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n fi sọrí Màríà Mímọ́ ará Íjíbítì. Osia Maria ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, ẹnu ló wá sọ ọ́ di Samaria. Àwa rò pé òkè ni wọ́n gùn, ó ní rárá, ìsọ̀kalẹ̀ ni. Láti òkè téńté, níbi tó ga ju 1,200 mítà lọ sókè òkun, ni ìrìn náà ti bẹ̀rẹ̀, ó sì di etí òkun kó tó parí. Kìlómítà 16 ni. Ó gbà wọ́n ní wákàtí mẹ́fà, orúnkún rẹ̀ sì fi ọjọ́ mẹ́ta sọ tẹnu rẹ̀ fún un. Àárín igi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ odò tí omi rẹ̀ kò pọ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ń ti orí òkúta kan fò sórí èkejì. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni àpáta ọ̀tún àti tòsì ń súnmọ́ra wọn, títí wọ́n fi dé ibì kan tí àlàfo àárín méjèèjì kò ju nǹkan bíi mítà mẹ́rin lọ, tí ògiri àpáta náà sì ga tó nǹkan bí 300 mítà. Ó ní nígbà tí òun gbójú sókè níbẹ̀, ojú ọ̀run dà bí ìgbànú. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn.

Nígbà tí wọ́n dé etí òkun, kò sí ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ kankan níbẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló kó wọn lọ. Èmi wá sọ fún un pé òkun yẹn ni Pọ́ọ̀lù là kọjá nígbà tí wọ́n dè é lọ sí Róòmù. Ẹ ka Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 27, ẹ ó rí Kírétè níbẹ̀, ẹ ó rí Fénísè tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èbúté ìgbà òtútù tí ìjì kò jẹ́ kí wọ́n dé. Erékùṣù yẹn náà ni Pọ́ọ̀lù fi Títù sílẹ̀ sí pé kó tún ohun tó kù ṣe. Ó lanu. Ó ti rìn kìlómítà 16 lọ bá òkun Pọ́ọ̀lù, kò sì mọ̀! Mo ní kò burú, Pọ́ọ̀lù náà kò ráyè wo òkè rẹ̀ nígbà tó ń kọjá.

Ó tún sọ nǹkan kan tó wú mi lórí. Ó ní nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n gba tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má sọ ọ́ nù, torí ẹnu ọ̀nà àbájáde ni wọ́n á ti gbà á padà. Báyìí ni àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá kù sínú àfonífojì nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Iye àgùntàn tó wọlé ni iye tó gbọ́dọ̀ jáde. Mo ní lọ́kàn mi pé ìwàásù ti dé nìyí, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ kò ní ṣòro.

Ibẹ̀ ló ti wá fi fótò abúlé kan hàn wá. Nǹkan bí ìdajì ọ̀nà ni abúlé náà wà, ilé olókùúta kéékèèké, igi ń ṣíji bò wọ́n. Ó rẹwà gan-an ni. Àwọn arìnrìn-àjò jókòó síbẹ̀, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n ń bọ bàtà wò bóyá ẹsẹ̀ ti bó. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Màmá, tí kò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀, gba fóònù náà, ó mú un jìnnà sójú díẹ̀ bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe, ó wò ó títí. Ó ní, "Àwọn tó ni ilé náà ńkọ́?"

Ọmọ wa kò mọ̀. Kó má parọ́, ó ní òun kò tiẹ̀ ronú kàn án. Ó wá fi fóònù kan náà wá a. Ọdún 1962 ni ìjọba ilẹ̀ Gíríìsì sọ gbogbo àfonífojì yẹn di ọgbà ìdáàbòbò, wọ́n sì kó àwọn tó ṣẹ́ kù ní abúlé náà lọ síbòmíràn. Wọ́n ṣe é kí igi má bàa tán, kí ẹranko igbó má bàa tán, pàápàá ewúrẹ́ igbó kan tó ní ìwo gígùn tí wọ́n ń pè ní kri-kri. Ní 1981, àjọ UNESCO náà fi ibẹ̀ sára àwọn ibi tí ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Màmá ní, "Wọ́n kó èèyàn kúrò nítorí ewúrẹ́?"

Ọmọ náà ní, "Màmá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́." Màmá ní òun gbọ́, ó dá fóònù padà fún un, ó sì lọ wá omi mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ tó dára ni wọ́n ṣe, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn, bí wọn ò bá ṣe é, bóyá ewúrẹ́ ti tán, igi ti tán, ọmọ wa kò sì ní rí ohun tó torí rẹ̀ kígbe "Háà." Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ tó ń ka tíkẹ́ẹ̀tì ní ìrọ̀lẹ́, tó ń rí i dájú pé àlejò kankan kò kù sẹ́yìn, ilé àwọn tí wọn kò sí níbẹ̀ mọ́ ni àlejò tó ń kà náà ti sinmi jẹun lọ́sàn-án. Gbogbo ẹni tó wọlé lówùúrọ̀ ni wọ́n kà. Ìwàásù mi bà jẹ́ lọ́wọ́ mi.

Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan fún irú ibẹ̀ yẹn: ahoro. Ó wà nínú ìtàn wa dáadáa. Àwọn Òwu mọ̀ ọ́n, àwọn Ìjàyè tí wọ́n tú ká ní 1862 mọ̀ ọ́n, àwọn Ẹ̀gbá tí wọ́n sá wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830 fi ahoro sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ahoro kì í ṣe oríṣi kan. Èmi fúnra mi ti gun òkè Ìdànrè rí, nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni, ẹni tó bá fẹ́ mọ iye ẹran tó ti jẹ lọ́dún kó lọ gùn ún. Lókè, láàrin àwọn àpáta, ìlú àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀: ààfin Ọwá, ilé ẹjọ́, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ ọdún 1896 sí lára. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gbé ibẹ̀ nítorí ogun kò lè tètè ká wọn mọ́. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ogun ti tán, tí ọ̀nà àti ọjà wà nísàlẹ̀, wọ́n sọ̀kalẹ̀. Ahoro ni lónìí, àlejò ń wá wò ó bí wọ́n ṣe ń wo Samáríà. Síbẹ̀ kò rí bákan náà lára mi. Ará Ìdànrè tó bá jí lówùúrọ̀ ń rí òkè rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. Nígbà ọdún wọn, wọ́n ń gòkè padà. Mi ò ní ká lọ bá wọn ṣe é o, ọ̀rọ̀ ìrántí ni mò ń sọ. Kò sí ẹni tó ń dá ọmọ Ìdànrè dúró lórí àtẹ̀gùn pé kí ló wá ṣe nílé baba rẹ̀.

Bóyá ìyàtọ̀ náà kì í tiẹ̀ ṣe ti ẹni tó kúrò àti ẹni tí wọ́n mú kúrò. Ohun tí mo rí ni pé ẹnì kan wà tó lè padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá wù ú, ẹlòmíràn sì wà tó gbọ́dọ̀ tọrọ ààyè kó tó lè rí i.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká padà sílé, ká kúrò ní Kírétè. Níbo là ń gbé?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wò ó bóyá Èkó ṣì yẹ ní olú ìlú. Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága. Wọ́n wo ilẹ̀ káàkiri, wọ́n sì ní àárín gbùngbùn yìí ló dára: kò jẹ́ ti ẹ̀yà ńlá kankan, ilẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, èèyàn kò pọ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, òfin jáde. Wọ́n gé ilẹ̀ lára ìpínlẹ̀ Niger, Plateau àti Kwara, ó di Agbègbè Olú Ìlú. Ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó wá pátápátá. Ọ̀pọ̀ yín ló tẹ̀ lé iṣẹ́ ìjọba wá láti Èkó, ẹ̀yin lẹ mọ̀ bí eruku ṣe pọ̀ tó nígbà náà.

Èèyàn kò pọ̀. Ẹ kíyè sí i: kò pọ̀ kì í ṣe kò sí. Àwọn Gbagyi wà níbẹ̀, àwọn tí à ń pè ní Gwari, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì fẹ́ràn orúkọ yẹn. Àwọn Koro wà níbẹ̀, àwọn Gade, àwọn Gwandara, àti àwọn mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba ní gbogbo wọn pátá ni àwọn máa kó jáde; nígbà tó yá, wọ́n yí i padà pé kí ẹni tó bá fẹ́ dúró máa gbé níbẹ̀, àyàfi ẹni tí iṣẹ́ ìlú bá kan ilé rẹ̀. Ó sì kan ọ̀pọ̀ ilé. Ará Wuse àtijọ́ di ará Sabon Wuse, lọ́nà Kaduna, ní ìpínlẹ̀ Niger. Ará Maitama àtijọ́ di ará Kubwa. Garki, Jabi, Utako, Asokoro, Gwarinpa, gbogbo orúkọ tí à ń pè fún onímọ́tò lójoojúmọ́ yìí, orúkọ abúlé ni wọ́n. Àní orúkọ Abuja gan-an, ìlú kan ló ni ín. Nígbà tí wọ́n gbà á fún olú ìlú, ìlú náà ní láti di Suleja. Àwa Yorùbá tí a máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ, orúkọ ilé onílé ni a wà nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ wo 20 náírà. Mo mọ̀ pé ọjà kò fẹ́ gbà á mọ́, pé inú àwo ọrẹ ló kù tó ń sá sí (ẹ má bínú, ẹ̀yin náà mọ̀ pé òótọ́ ni). Murtala Mohammed ló wà níwájú rẹ̀, ẹni tí ìjọba rẹ̀ ṣe òfin 1976 yẹn, tí wọ́n sì pa á ní ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wá yí i padà. Obìnrin kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń mọ ìkòkò. Ladi Kwali ni, amọ̀kòkò tí òkìkí rẹ̀ kàn dé Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, ọmọ ìlú Kwali níbí, ọmọ àwọn tó ni ilẹ̀. Ẹni tó gbà á wà níwájú, ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn, lórí bébà kan ṣoṣo, a sì ń ká a pọ̀ sínú àpò.

Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. "Pásítọ̀, ìjọba ló ṣe é, kì í ṣe àwa." Òótọ́ ni. "Wọ́n san owó fún wọn." Wọ́n san fún àwọn kan, àwọn mìíràn ṣì ń bèèrè tiwọn títí di òní. "Ìlú ti tìtorí rẹ̀ dára, ọ̀nà wà, ilé ìwòsàn wà." Bẹ́ẹ̀ ni. "Ó ti pẹ́." Ó ti pẹ́ lóòótọ́, ewé tó pẹ́ lára ọṣẹ ti di ọṣẹ, àwọn ọmọ wa tí a bí síbí kò ní ìlú mìíràn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni di ẹrù rẹ̀ padà sí Ọ̀ṣun, èmi náà kò ní lọ. N kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa wo àpáta Aso pẹ̀lú ìbànújẹ́ láti òní lọ. Àpáta náà rẹwà, Ọlọ́run ló dá a, ẹ máa wò ó.

Ohun tó ń dà mí láàmú sún mọ́ ilé ju ìyẹn lọ. Àdúrà kan wà tí mo máa ń gbà fún yín, pàápàá lọ́jọ́ ìparí ọdún. Ẹ mọ̀ ọ́n. Inú Diutarónómì orí kẹfà ni mo ti mú un: ilé tí ẹ kò kọ́, kànga tí ẹ kò gbẹ́, ọgbà tí ẹ kò gbìn. Kò sí àdúrà tí Àmín rẹ̀ máa ń mì òrùlé tó bẹ́ẹ̀. Mo ti gbà á fún ọdún bíi mélòó kan, n kò bi ara mi rí pé ta ló kọ́ ilé náà. Ó ní ẹni tó kọ́ ọ! Mo tún padà lọ ka orí ìwé náà lóru ọjọ́ yẹn. Bí ẹ bá kà á kọjá ibi tí a máa ń dúró sí, ẹ ó rí i pé inú ìkìlọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà. Mósè ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá jẹun yó tán nínú ilé tí wọn kò kọ́, wọ́n á gbàgbé. Ohun tó bà á lẹ́rù ni a sọ di kókó àdúrà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún bá mi wo Jẹ́nẹ́sísì orí 23. Ọlọ́run ti ṣe ìlérí ilẹ̀ Kénáánì fún Ábúráhámù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé "Olúwa ti fi fún mi, ta ni yóò dá mi dúró," òun ni. Sárà wá kú. Ábúráhámù dìde kúrò níwájú òkú ìyàwó rẹ̀, ó lọ bá àwọn ọmọ Hétì tó ni ilẹ̀, ó tẹríba fún wọn, ó ní àlejò ni òun láàrin wọn, kí wọ́n jẹ́ kí òun ra ibi tí òun á sin òkú òun sí. Wọ́n ní kó mú èyí tó bá wù ú lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kọ̀. Ó tún tẹríba. Éfúrónì dárúkọ 400 ṣékélì fàdákà, ó wọ̀n ọ́n pé lójú gbogbo èèyàn. Ẹni tí Ọlọ́run ṣèlérí gbogbo ilẹ̀ fún tẹríba lẹ́ẹ̀mejì fún àwọn tó bá níbẹ̀, ó sì sanwó ihò àpáta kan. Kò fi ìlérí Ọlọ́run gun onílẹ̀ lórí. Áhábù, ọba Samáríà ti inú Bíbélì, fẹ́ ọgbà àjàrà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ Nábótì ṣe parí. Ó jọ pé láàrin ọkùnrin méjèèjì yìí ni gbogbo ẹni tó bá rí ilẹ̀ tó rẹwà ń rìn.

Ibo wá ni Pásítọ̀ yín wà nínú ìrìn yìí? Ẹ jẹ́ n sọ ọ́, kí ẹ máa bá a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ mọ géètì ẹ̀yìn wa, èyí tó kọjú sí òkè. Ká tó mọ fẹ́ǹsì, ojú ẹsẹ̀ kan wà tó gba inú ilẹ̀ wa kọjá lọ sórí òkè náà. Ìwé ilẹ̀ wa pé, a ra ilẹ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹni tí ìjọba fún. Ojú ẹsẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, ní ọjọ́ Sátidé kan, bàbá Gbagyi kan wá sí géètì pẹ̀lú ọmọdékùnrin kan. Ó ní igi ìrúgbá ìdílé òun wà lókè níbẹ̀, ibojì bàbá òun náà sì wà níbẹ̀. Ó ní tí òun bá gba ọ̀nà tó yí òkè ká, ó ti jìn jù fún ẹsẹ̀ òun. Ó fẹ́ kí á máa jẹ́ kí òun gba inú ọgbà wa kọjá. Èdè Hausa ni a fi sọ ọ́, Hausa tèmi kò sì tó nǹkan, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo ń kánjú lọ síbi ìgbéyàwó. Mo sọ fún un pé kó kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ ìjọ.

Bàbá náà wò mí. Ó ní, "To, Fasto," ó sì yí padà.

Ẹ̀yin ará, mo dé ibi ìgbéyàwó náà, mo jẹun, mo gbàdúrà ilé tí ẹ kò kọ́ fún tọkọtaya. Mo gbàgbé bàbá náà pátápátá. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ foríjì mí, òwe náà kò mọ́, àmọ́ òun ló bá a mu. Ọdún méjì kọjá kí Màmá tó di fóònù mú nínú gbọ̀ngán.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, mo ní kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì mú mi lọ sí abúlé wọn. Kò tó ìṣẹ́jú 15 ní ẹsẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe pásítọ̀ níbí, n kò débẹ̀ rí. Àwọn obìnrin kan ń ti oko bọ̀, wọ́n gbé igi ìdáná lé èjìká, torí wọn kì í gbé ẹrù lérí. Bàbá náà jókòó sábẹ́ máńgòrò, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é nílé, ó rẹ́rìn-ín sí i. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "Fasto, ṣé lẹ́tà náà lẹ wá gbà?"

N kò ní sọ gbogbo ohun tí a jọ sọ. Ó ní àgbà tí òun dà yìí, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún tó fún òun. Ọmọdékùnrin ọjọ́sí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ó ti ga jù mí lọ díẹ̀ báyìí, kò sì mọ ọ̀nà ibojì náà mọ́.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Gbogbo wa kò fẹnu kò. Àwọn kan ní bí ìlú ṣe rí yìí, tí ajínigbé ń ti orí òkè wá, ta ló ń ṣí géètì ẹ̀yìn fún ẹni tí kò mọ̀? N kò lè pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Èmi náà ní ọmọ nílé. Àwọn kan ní tí a bá fún ẹnì kan láyè lónìí, lọ́la gbogbo abúlé á ní ilẹ̀ àwọn ni. Alàgbà kan, tí ìjọba wó ilé bàbá rẹ̀ ní Èkó nígbà kan rí, kò sọ̀rọ̀ rárá títí ìpàdé fi parí. Ó kàn bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, "Kọ́kọ́rọ́ géètì yẹn, ọwọ́ ta ló wà?"

Ọmọ wa ti padà sí Jámánì. Ó fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun ṣì ní tíkẹ́ẹ̀tì kan lọ́wọ́ láti ìrìn-àjò mìíràn, òun á kó o wá fún ìwàásù mi. Mo ní kó pa á mọ́.

Sátidé kejì nínú oṣù tó ń bọ̀, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ni ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí, nínú gbọ̀ngán kékeré, gbogbo ọmọ ìjọ ló sì lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Bàbá náà ní òun á wá bí ẹsẹ̀ bá gbé òun. Mo ti sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ géètì pé géètì ẹ̀yìn ni kó ṣí fún un, kó sì má ṣe béèrè lẹ́tà.